Ṣé Wọ́n Á Tún Bi Í Ni?

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Òkè-Báálẹ̀ ní Òṣogbo. Àwọn ọmọ lẹ́sìnnì mi ń fi àkísà nu orí bẹ́ńṣì, èmi ń wá ṣọ́ọ̀kì tí omi ò tíì kàn, ni ìyá kan yọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń múra ìdánwò WAEC, ó sì ti tó ọdún kan tó ti ń wá kọ́ ìṣirò àti kẹ́mísìrì lọ́dọ̀ mi. Ìyá yìí kì í rí mi kó má wúre fún mi. Lọ́jọ́ yẹn kò kí mi, kò wúre. Ìwé kan ló nà sí mi.

"Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o. Ṣé kì í ṣe expo lẹ fún ọmọ mi yìí?"

Mo gba ìwé náà. Àkójọ ìbéèrè ìṣirò WAEC ti àwọn ọdún tó ti kọjá ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní past question. Ó ti pẹ́ tí mo ti rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ìwé ní Ọlá-Ìyá. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, mo ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo yá ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

"Abẹ́ ìrọ̀rí ló tọ́jú ẹ̀ sí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìwé tí kò bá ní àbùkù kankan nínú, ta ní í gbé e pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí?"

Ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní torí àwọn àbúrò òun ni òun ṣe gbé e síbẹ̀, kí wọ́n má baà fà á ya.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe lẹ́sìnnì ládùúgbò yìí, n ò sì gba kọ́bọ̀ rí lọ́wọ́ òbí kankan láti bá ọmọ wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó tó sọ ohun tó ń dùn ún, ìbínú mi rọ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ṣe WAEC ní ilé-ìwé aládàáni kan, níbi tí wọ́n ti ní kí òbí kọ̀ọ̀kan san owó kan lé owó ìdánwò, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ ohun tí owó náà wà fún. Wọ́n san án. Nígbà tí èsì jáde, ti gbogbo ọmọ tó jókòó níbẹ̀ ni wọ́n dá dúró. Ọdún yẹn kọjá, èkejì kọjá, èsì ò jáde. Ọ̀kadà ni ọmọ náà ń gùn báyìí. Ìyá rẹ̀ búra pé bí ebi yóò bá tilẹ̀ pa òun, ọmọ òun kankan kò tún ní í fọwọ́ kan ohun tó bá jọ expo.

Mo ṣí ìwé náà, mo fi ọdún tó wà lókè ojú ìwé hàn án. Aláṣọ àdìrẹ ni ní Ọjà Ọba. Kò fi bẹ́ẹ̀ kàwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi nọ́ńbà tàn án jẹ. Ó fi ìka lé e lórí.

"Ọdún 2016 lèyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Wọ́n ti ṣe ìdánwò yìí tán?"

"Wọ́n ti ṣe é tán, ó ti pẹ́. Àwọn tó ṣe é ti di bàbá àti ìyá ọmọ."

Ó wò mí lójú. "Ṣé wọ́n á tún bi í ni? Tí wọn ò bá ní í bi í mọ́, kí lọmọ mi ń kà á fún? Tí wọ́n bá sì máa bi í, kí ni ìyàtọ̀ òun àti expo?"

Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé kò sí òfin tó dè é, pé gbogbo ayé ló ń kà á. Ó dúpẹ́, ó bẹ̀ mí pé kí n má fi ṣèbínú, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò kúrò lára mi. Mo mọ̀ pé ìdáhùn tí mo fún un kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Mo sì mọ ohun tó jẹ́ kó máa yọ mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan wà tí mo ṣe nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀.

Ọdún 1977 ni orúkọ expo gbilẹ̀ lẹ́nu wa, nígbà tí ìbéèrè WAEC bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Expo 77 ni wọ́n pè é, ọdún kan náà tí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, wáyé ní Èkó. Láti ìgbà náà, ohun tí orúkọ yẹn ń tọ́ka sí lẹ́nu ọmọ Nàìjíríà ni ìbéèrè tí àsìkò àtirí i kò tíì tó. Òfin tó de mágòmágó ìdánwò, èyí tó jáde ní 1999, ka ẹ̀ṣẹ̀ lóríṣiríṣi: kí èèyàn jí ìwé ìbéèrè, kó lọ jókòó ṣe ìdánwò fún ẹlòmíràn, kó da gbọ̀ngàn ìdánwò rú, kó yí ìwé èsì. Kò ka kíka ìbéèrè tí wọ́n ti ṣe tán mọ́ wọn. WAEC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952 máa ń gbé ìbéèrè àtijọ́ síta fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìròyìn àwọn ọ̀gá tó ń ṣàmójútó máàkì, níbi tí wọ́n ti ń sọ ibi tí àwọn ọmọ ti kọsẹ̀. Mo máa ń ka ìròyìn yẹn sétí àwọn ọmọ mi. Àwọn kan ò fi ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe iṣẹ́ wọn hàn. Àwọn kan sá fún jiọ́mẹ́tírì òbìrìkítí pátápátá. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: ohun tí ìròyìn yẹn wà fún gan-an nìyẹn, ó sì ń dùn mí pé ilé-ìwé tó ń lò ó kò pọ̀.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gan-an ti fi ìbéèrè àtijọ́ lé ọmọ lọ́wọ́ rí. Ní 2013, nígbà Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama àgbà ti ìjọba, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kó ìwé kíkà sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ṣì ní tiẹ̀, kò tàn mọ́, wọ́n fi ń tẹ́ abẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ, màá sì padà sórí rẹ̀.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ti òfin, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọkàn mi ni kò gbà pé ó parí.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo lọ kò sí ní Òṣogbo. Mo wà ní ọdún kejì, a sì ní kọ́ọ̀sì kẹ́mísìrì kan tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù. Èmi àti ọmọbìnrin kan la jọ ń gbé inú yàrá. Abúlé tó jìn ló ti wá, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nínú ìdílé wọn. Kò ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, kò ní ará ilé, kì í lọ ìpàdé kankan. Ìwé ló máa ń kà, láti ojú ewé kìíní dé ìparí, pẹ̀lú iná àbẹ́là nígbà tí iná bá lọ. Èmi ní ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ ìjọ wa. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin ká wọlé ìdánwò, ó pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ìwé kan tí wọ́n ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ sí mi lọ́wọ́, wọ́n ti ká a sí mẹ́rin. Ó ní, "Ti ọdún tó kọjá ni. Kà á dáadáa. Má fi han ẹnikẹ́ni o."

Mo kà á. Mo há ìdáhùn ìbéèrè méje náà sórí, nọ́ńbà, ìṣirò, gbogbo rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ó ń jà pẹ̀lú orí kan nínú ìwé tí kò sí nínú ìbéèrè yẹn rárá. Ó bi mí pé, "Ṣé o rò pé wọ́n á béèrè ibí yìí?" Mo ní n ò mọ̀.

Nígbà tí wọ́n pín ìwé ìbéèrè nínú gbọ̀ngàn, ọwọ́ mi tutù. Ìwé kan náà ni. Ọdún tó wà lókè nìkan ni olùkọ́ yí padà. Nínú ìbéèrè kẹrin ti àtijọ́, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti gbàgbé lẹ́tà kan nínú ọ̀rọ̀ kan. Mo wo ìbéèrè kẹrin ti tuntun. Lẹ́tà yẹn ò sí níbẹ̀ náà. Mo rántí pé mo fi ìka mi bo ibi tí lẹ́tà náà ì bá wà, bí ẹni pé alámòójútó lè tibẹ̀ mọ ohun tó wà lórí mi.

Mo gba A. Ọ̀rẹ́ mi kò yege, ó sì tún kọ́ọ̀sì náà ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹnìkan ní kí n bá òun kọ́ ọmọ òun ní ẹ̀kọ́ yẹn gan-an. Mo ṣí ìwé, n ò mọ ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dà bí èdè tí n ò gbọ́ rí. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló gbà mí.

Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà: kí ni mo jí? Olùkọ́ yẹn kì í gba ìwé ìbéèrè padà lẹ́yìn ìdánwò. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi í sílẹ̀, ìyẹn ni pé ìwé náà ti jáde sáyé. N ò fọ́ ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. N ò wo ìwé ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá gbé mi dé iwájú ìgbìmọ̀, wọn ò ní í rí ẹ̀sùn kà sí mi lọ́rùn. Apá kan ẹ̀bi náà sì jẹ́ ti olùkọ́ tí kò lè jókòó fún wákàtí méjì láti kọ ìbéèrè méje tuntun. Mo sọ èyí pẹ̀lú ìbínú, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí náà nìyẹn: àìsùn olùkọ́ ló ń jẹ́ kí ìdánwò jẹ́ ìdánwò. Olùkọ́ tó bá ń da omi àná padà sínú ìkòkò lọ́dọọdún, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe expo, ó kàn jẹ́ pé kò gbowó rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n bí mo bá di gbogbo ẹ̀bi náà ru olùkọ́, irọ́ ni mò ń pa. Ìwé yẹn kọ́ ló ń wúwo lọ́kàn mi. "Má fi han ẹnikẹ́ni o" ni. Gbólóhùn yẹn ló sọ ìwé tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí a ń fi pamọ́, mo sì gbà á láìjanpata. Bí mo bá ti tẹ́ ìwé náà sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì, tí mo ní, "Wá wo èyí," a jọ máa kà á ni, a jọ máa jiyàn lé e lórí, bóyá èmi náà ì bá sì mọ nǹkan kan nínú rẹ̀ tó máa pẹ́ ju ọjọ́ ìdánwò lọ.

Mo fẹ́ ṣọ́ra níbí, nítorí kì í ṣe gbogbo ìbéèrè àtijọ́ ló ní ẹ̀tọ́ láti wà níta. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń múra àtilọ Amẹ́ríkà máa ń ṣe ìdánwò kan tó ń jẹ́ NCLEX. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gbà pé àwọn ò ní í sọ ohun tí àwọn rí nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, torí ìbéèrè kan náà ṣì lè yọ sí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ tó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tó ń tà á, àdéhùn ló dà. Ẹni tó rà á náà mọ ohun tóun rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùkọ́ tó ń gba ìwé ìbéèrè rẹ̀ padà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́: ẹni tó bá yọ ọ̀kan sápò jáde ti jalè, bí ìwé náà tilẹ̀ ti di ti èṣí. Nítorí náà, n ò lè fi ọjọ́ orí ìwé nìkan dá ìyá yẹn lóhùn.

Ohun tó sì ń bà á lẹ́rù kì í ṣe àlá. Orí fóònù kan náà tí àwọn ọmọ fi ń ka ìbéèrè àtijọ́ ni àwọn ọlọ́jà òru ti ń polówó ìbéèrè ọ̀la, wọ́n sì máa ń pe òun náà ní past question kí ojú má baà ti ẹni tó ń rà á. Gbogbo wa la ń jìyà rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìwé Gẹ̀ẹ́sì kejì ti WAEC pẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ní torí pé àwọn ń dènà kí ìbéèrè má jáde ṣáájú ni, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Láwọn ibì kan ní orílẹ̀-èdè yìí, iná tọ́ọ̀ṣì àti ti fóònù ni àwọn ọmọ fi kọ ọ́. Ọmọ tó ti ka ìwé rẹ̀ tán, tí kò ra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun náà jókòó sínú òkùnkùn. Mo wo fọ́tò wọn lórí fóònù mi, mo sunkún.

Ó ku apá kejì ìbéèrè ìyá yẹn, òun ló sì le jù: bí wọn ò bá ní í bi í mọ́, kí lọmọ òun ń kà á fún?

Mo lè sọ ti bí ìdánwò ṣe rí. Ìwé kìíní ìṣirò WAEC, àádọ́ta ìbéèrè ni fún wákàtí kan àtààbọ̀. Ìwé kejì, mẹ́tàlá ni. Ó di dandan kí ọmọ ṣe márùn-ún àkọ́kọ́, kó sì mú márùn-ún nínú mẹ́jọ tó kù, láàárín wákàtí méjì àtààbọ̀. Ọmọ tí kò bá rí irú ìwé yìí rí máa fi ìdajì wákàtí wá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa dúró sí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé olówó ti mọ ilé náà yípo kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ọmọ aláàárù, inú gbọ̀ngàn ló ti ń kọ́kọ́ rí ilẹ̀kùn. Bí a bá wá ní kí ọmọ aláàárù má ka ìbéèrè àtijọ́ torí ká má baà pè é ní olójóoro, ta ni a ṣe lóore?

Àmọ́ o, mo ti rí ọmọ tó kà á tí kò ṣe é láǹfààní kankan. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá, orí rẹ̀ pé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè kan fún un, n ò tíì kà á dé àárín tó fi ní, "Nọ́ńbà kẹtàdínlógún, C ni." Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní, "C ni wọ́n mú nínú ìwé." Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo yí nọ́ńbà méjì padà nínú ìbéèrè náà lójú rẹ̀, mo ní kó tún un ṣe. Ó wo pátákó títí. Ó wò mí. Ó ní, "C ni, mà." Ojú mi ni mo rí nínú ojú rẹ̀, èmi tí mo há ìbéèrè méje sórí lọ́jọ́ sí. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ya ojú ewé ìdáhùn kúrò nínú ìwé kí n tó yá ọmọ.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ọmọ pa ìwé dé, kó bi ara rẹ̀ léèrè, kó sì jìjàkadì. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ kà. Àwọn kan tún un kà. Àwọn kan kò tún un kà, wọ́n ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó dán ara wọn wò ti lọ jìnnà níwájú wọn. Nígbà tí mo ka èyí, mo lóye ohun tó ṣe mí lọ́dún kejì. Mi ò fi ìwé yẹn dán ara mi wò rárá. Mo kàn gbé e mì ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ọpọ́n Ìmọ̀. Ilé Kristẹni ni wọ́n ti tọ́ mi, ṣùgbọ́n ọmọ Òṣogbo ni mí, mo sì mọ ọpọ́n Ifá tí wọ́n yá orúkọ yẹn lára rẹ̀. Odù igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni ọmọ awo ń kọ́, ẹsẹ ibẹ̀ kò sì lóǹkà. Kí ló wà nínú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan? "A díá fún" ẹnìkan láyé àtijọ́, tó ń lọ síbì kan, tó ń sunkún nǹkan kan, ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ohun tó ṣe, bó ṣe yọrí sí. Ìbéèrè àwọn àtijọ́ àti ìdáhùn wọn ni. Ẹni tó wá jókòó níwájú babaláwo lónìí kọ́ ni wọ́n dá a fún. Síbẹ̀ inú ẹsẹ yẹn ni babaláwo ti máa wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ pè é ní olójóoro torí pé ó ti kọ́ ọ sílẹ̀. Èyí tó bá ń ké ẹsẹ láìmọ bó ṣe kan ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọ́ làwọn èèyàn máa tún padà lọ.

Mo rò ó bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ lọ sọ ọ́ fún ìyá náà. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjà Ọba lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìlú aró ni Òṣogbo. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ìtàn ohùn tó ké láti inú odò Ọ̀ṣun nígbà tí igi wó lu omi, pé ìkòkò aró òun ti fọ́ tán. Nígbà tí mo dé, ọmọ iṣẹ́ kan jókòó sórí àpótí, ó tẹ́ aṣọ àdìrẹ oníko kan tó ti ṣá sórí eékún. Aṣọ funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ka òrùka tó wà lára aṣọ àtijọ́, ó fa aṣọ funfun jọ níbi kan, ó fi ìko yí i ká, ó fi eyín fà á le. Ó tún ka òmíràn. Nígbà tó tú èyí tó kọ́kọ́ dì wò, ó rí i pé kò gún, ó tún un dì.

Mo ní, "Màmá, ẹ wo ọmọ yìí. Aṣọ tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n ti wọ̀ gbó. Kí ló ń wò ó fún?"

Ó yé e kí n tó parí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ń ká aṣọ. Ó wá ní, "Bó bá ti mọ okùn dì, aṣọ yòówù kó wò, kò kàn mí. Bó bá gbé aṣọ tí mo ti rẹ tà, tó ní òun lòun ṣe é, ìyẹn lolè." Ó tún ká aṣọ kan. "Bó bá sì jẹ́ pé òun nìkan ló fẹ́ máa wò ó, tí kì í jẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ rí i, màá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Nítorí èmi ni mo ni aṣọ, gbogbo wọn ni mo gbé e síta fún."

N ò sọ ti Ifá mọ́. N ò sọ ti Amẹ́ríkà.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. A máa ń kí ara wa lọ́jọ́ ọdún, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé tí wọ́n ká sí mẹ́rin, ìbéèrè kẹrin. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Ó wá ní, "Ìwọ náà ní i? Mo mọ̀ pé ìwé kan ń lọ káàkiri nígbà yẹn. Mo rò pé kò dé yàrá wa ni." Ìbínú ò sí nínú ohùn rẹ̀. Ó bi mí léèrè bí àwọn ọmọ mi ṣe ń ṣe sí, mo sọ fún un, ó ní kí n kí wọn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo kó gbogbo ìbéèrè àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ mi síta, ìṣirò, kẹ́mísìrì, Gẹ̀ẹ́sì, ti WAEC, ti NECO, ti JAMB. Mo tú àwọn ìwé náà sí ewé kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ fi wọ́n kọ́ sí iwájú ilé níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá ti lè dúró kà á, ọmọ lẹ́sìnnì mi tàbí ọmọ ẹlòmíràn. Mo ní n ò ní okùn tó gùn tó. Ìyá náà fi ọ̀kan rán ọmọbìnrin rẹ̀ sí mi lọ́jọ́ kejì, okùn tí wọ́n ti fi ń sá aṣọ láti ọjọ́ pípẹ́, aró ti mu ún dé inú. Òun àti pẹ́ẹ̀gì onígi ogójì tí wọ́n fi ń há aṣọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Lánàá, ọmọkùnrin kan tó ń kiri búrẹ́dì gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ilé. N ò mọ̀ ọ́n rí. Ó yọ bírò jáde lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè kẹsàn-án ti ọdún 2016 kọ sẹ́yìn páálí kan. Ọmọbìnrin aláṣọ jáde síta, ó bá a yí ewé náà padà kó lè rí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì dì í mú fún un nítorí atẹ́gùn, títí ọmọkùnrin náà fi dà á kọ tán. Aró wà ní ìka àwọn méjèèjì.